Ọsàn Ojúbọ ní Orí Òkè Batur

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ

Mo tún gun Arúgbó lónìí. (Òkè wa ni mo ń pè bẹ́ẹ̀. Kò tíì bínú sí mi.) Àlejò mẹ́rin láti Ọsirélíà: ọ̀kan ń bì, ọ̀kan ń sunkún, àwọn méjì yòókù ń ya ẹni tó ń sunkún ní fọ́tò. Oòrùn yọ, gbogbo wọn pa lọ́lọ́. Mo nawọ́ bí ìṣe mi — adágún nìyí, Òkè Agung nìyẹn, èyí tó yọrí lókèèrè lẹ́yìn òkun ni Rinjani, ó wà ní erékùṣù Lombok. Ọmọbìnrin kan bi mí pé báwo ni Lombok ṣe rí. Mo ní ó dára gan-an. Irọ́ ni. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fìka júwe ibi tí ẹsẹ̀ mi kò tẹ̀.

Mo délé, Bàbá wà láàárín àlùbọ́sà rẹ̀. "Àrólé mi, o ti dé?" Bó ṣe ń kí mi lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo ní mo ti dé.

Àìkú, 4 Oṣù Kẹjọ

Iyọ̀ pè. Àfẹ́sọ́nà mi ni, Komang lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé oníyọ̀ ni wọ́n ní Amed, létí òkun, Iyọ̀ ni mo sì ń pè é níhìn-ín. Ó ní òun ti sọ fún àwọn òbí òun pé kí wọ́n wá wo bí oòrùn ṣe ń yọ lórí Batur, pé òun mọ afinimọ̀nà kan tó dáa. Wọn ò gun òkè kankan rí láyé wọn. Ó ní tí a bá dé orí òkè lòun á tó sọ ọ̀rọ̀ náà jáde.

Kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kedere, bóyá á fúyẹ́. Bàbá ò bí ọkùnrin. Èmi àti Kadek àbúrò mi nìkan ló bí. Kadek ti lọ. Ọkọ rẹ̀ gbé e sá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, ó fi í pamọ́ sílé ọ̀rẹ́. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n rán àgbà méjì wá sọ fún Bàbá pé kó má wulẹ̀ wá a kiri. Bàbá bú wọn, ó jẹun, ó gbà. Àṣà ni, kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó pe àlùfáà, wọ́n wẹ orí mi níwájú ojúbọ ilé, wọ́n sọ mí di ọkùnrin, ní ti ogún àti ní ti ẹbọ. Láti ọjọ́ náà mi ò lè lọ sílé ọkọ mọ́. Ọkọ ló gbọ́dọ̀ wá sílé mi. Òun ni yóò jẹ́ ìyàwó, èmi ni yóò jẹ́ ọkọ.

Bí mo bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò bọ àwọn baba ńlá wa. Oko àlùbọ́sà á di ti Ẹnu Mímú, ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jà lórí ibi tí omi ń gbà wọ oko. Bàbá lè mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin Ẹnu Mímú, kó sọ ọ́ di ọmọ. Àṣà gba ìyẹn náà. Ó ní ó sàn kí òkè bú gbàmù kó bo ilé náà mọ́lẹ̀.

Lápá ibi tí Iyọ̀ ti wá, wọn kì í fi ọkùnrin fún obìnrin bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gàn ńlá ni lójú wọn. Mo ń gbàdúrà kí wọ́n gbà.

Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì.

Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹjọ

Rédíò ti gbọ́. (Nengah ni, a jọ ń mú àlejò gun òkè, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.) Níwájú gbogbo afinimọ̀nà ló ti ní, "Ẹ kú ìmúra o, ọkọ ìyàwó. Ṣé ìyàwó yín mọ ọbẹ̀ sè?" Mo ní ó mọ̀ ọ́n sè ju ìyá rẹ lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gun òkè tán kí inú mi tó rọ̀.

Ẹtì, 9 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n dé. Bàbá Oníyọ̀ — ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ bí kò bá nídìí. Ìyá Oníyọ̀ wọ súwẹ́tà méjì, ó ń bi wá pé ṣé inú yìnyín là ń gbé ni. Màmá mi se ẹja adágún, ó jẹ́ kí ata gbẹ mọ́ ọn lára dáadáa. Bàbá ń bọ̀wọ̀ fún wọn jù, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìgbéyàwó. Gbogbo wa kàn ń jẹ ẹja.

Wọ́n ti lọ sílé àlejò. Kí n sọ òótọ́ fún ìwé yìí, torí kò lẹ́nu. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ̀. Mo fẹ́ kí Ìyá Oníyọ̀ dìde lórí òkè lọ́la, kó ní láéláé, ọmọ òun kò ní di ìyàwó ẹnì kankan. Torí bí wọ́n bá kọ̀, ọ̀nà kan péré ló kù: Iyọ̀ á gbé mi sẹ́yìn alùpùpù bí wọ́n ṣe gbé Kadek. Ó ti sọ ọ́ rí, nígbà òjò. "Bí wọn ò bá gbà, màá jí ẹ gbé." Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń gbé láti ìgbà náà. Màá máa sùn níbi tí etí mi á ti máa gbọ́ òkun. Bàbá á bú, á jẹun, á gbà.

Mi ò lè fúnra mi lọ. Ẹni tí wọ́n wẹ orí rẹ̀ níwájú ojúbọ kì í kàn dìde kó jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé mi, wọ́n gbé mi nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹjọ

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi níwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ní ẹsẹ̀ òkè mo gbé ẹbọ kékeré kalẹ̀, mo tan tùràrí, mo bẹ Arúgbó. Mi ò dárúkọ ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ fún. Bàbá Oníyọ̀ ń gun òkè bí ẹni tó ń lọ sóko; àràárọ̀ ló ń ru omi òkun gba orí yanrìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbó. Ìyàwó rẹ̀ ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí a dé ibi yanrìn dúdú, níbi tí èèyàn ń gbé ẹsẹ̀ síwájú tó tún ń yọ̀ padà sẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ó ní ṣé èmi ni Luh yẹn. Mo ní èmi ni, Màmá. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. "Oòrùn ń yọ ní Amed náà, ọmọ mi. Ṣé oòrùn nìkan lo rò pé ó gbé mi dé ibí?"

A dé orí òkè. Mo ri ẹyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ihò tí ooru ti ń jáde lára Arúgbó kí wọ́n jinná. Ojú ọ̀run ti ń pọ́n. Mo ṣí apẹ̀rẹ̀ láti pín ọsàn fún wọn.

Apẹ̀rẹ̀ méjì ló wà nílé ìdáná nígbà tí mò ń jáde, mo sì gbé èyí tó sún mọ́ ọwọ́ mi. Èyí tí mo gbé kì í ṣe ti àlejò. Òdòdó tó ti rọ wà láàárín ọsàn náà, eérú tùràrí sì wà lára èèpo wọn. Orí ojúbọ wa ni wọ́n ti wá. Ọmọ ilé nìkan ló ń jẹ irú ọsàn bẹ́ẹ̀. Àjèjì tó bá jẹ ẹ́ ti tẹrí ba fún òkú ilé yẹn nìyẹn, ó ti di ara wọn. A kì í gbé e fún àlejò, ìwọ̀sí gidi ni.

Inú mi dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn. Mo rí ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, Màmá, ẹ má jẹ ẹ́ o, àṣìṣe ni. Orí ojúbọ ilé wa ni ọsàn yìí ti wá." Mo sọ ọ́ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú Ìyá Oníyọ̀ yí padà. Mo rí i. Ó ku díẹ̀.

Àfi bí Iyọ̀ ṣe nawọ́ mú ọ̀kan. Ó ní, "Bàbá, ohun tí mo mú yín wá síbí láti sọ nìyẹn." Ó bó o, ó jẹ ẹ́ tán níwájú wọn, ó tu kóró rẹ̀ sọ́wọ́.

Bàbá Oníyọ̀ wò ó, ó wo èmi náà. Ó ní, "Ọkùnrin mẹ́ta ni mo bí, ilẹ̀ iyọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Bí mo bá pín in sí mẹ́ta, ṣíbí lẹ ó máa fi kó iyọ̀." Ó mú ọsàn tirẹ̀, ó bó o, ó là á sí méjì, ó na ààbọ̀ sí ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Oníyọ̀ ò tètè gbà á. Ó ní ṣé kí òun wá máa sọ fún wọn ní Amed pé ọmọkùnrin òun ti lọ sílé ọkọ? Iyọ̀ ní, "Màmá, ẹ sọ pé mo lọ síbi tó tutù. Mo mọ oúnjẹ sè ju Luh lọ, wọn ò ní lé mi padà." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ láìfẹ́. Ó fi ọsàn sẹ́nu. Omijé ń bọ́, ó sì ń jẹ ẹ́.

Oòrùn ti yọ. Kò sẹ́ni tó wò ó nínú wa. Ọ̀bọ kan wá kó èèpo ọsàn lọ.

Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, Iyọ̀ ń fò bí ọmọ ewúrẹ́. Ó ń sọ ọ́ léraléra pé wọ́n gbà, wọ́n gbà. Ó ní kí ló dé tí ojú mi rí bẹ́ẹ̀. Mo ní èéfín ni.

Nílé, mo bi Bàbá pé ta ló gbé ọsàn ojúbọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àlejò. Ó ní òun ni, pé ọ̀bọ ì bá ti kó o jẹ. Ọ̀bọ kì í dé ilé wa.

Àìkú, 11 Oṣù Kẹjọ

Bàbá ń kọrin nínú oko. Mi ò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹjọ

Àlùfáà ti mú ọjọ́. Iyọ̀ pè, ó sọ̀rọ̀ títí. Ó fẹ́ gbin àlùbọ́sà. Ó fẹ́ kí n kọ́ òun níṣẹ́ afinimọ̀nà. Ó ní òkun ti sú òun, pé láti kékeré ni iyọ̀ ti ń la ẹsẹ̀ òun, pé òun ò mọ̀ pé ẹnì kan á wá gba òun sílẹ̀. Gba òun sílẹ̀ — ọ̀rọ̀ tó lò gan-an nìyẹn.

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó ń dúpẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tó ń bá wọlé yẹn lòun fẹ́ gbà jáde?

Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ òmìnira. Èrò lórí òkè bí eṣú, àsíá lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n ń kọrin. Mo se ẹyin fún wọn.

Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹjọ

Mo bi Bàbá, bí ẹni ń ṣeré, pé ká ní mi ò sí ńkọ́, ṣé kò ní mú ọmọ Ẹnu Mímú. Ó ń di àlùbọ́sà. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n o wà."

Ẹtì, 23 Oṣù Kẹjọ

A lọ sí Amed láti lọ tọrọ ọmọkùnrin. Èmi, Bàbá, Màmá, àwọn àgbà abúlé. Rédíò ló wa mọ́tò, ó sì sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀. Ìyá Oníyọ̀ ti di aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú àpótí, ó ń sunkún bí ìyá ìyàwó. Ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o. Òtútù tètè máa ń mú un láyà." Bàbá ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọmọ òun ló jẹ́ báyìí. Wọ́n gbé kọfí wá.

Iyọ̀ mú mi lọ sétí omi láti fi ibi iṣẹ́ wọn hàn mí. Ìtí àgbọn tí wọ́n gbẹ́ bí ọpọ́n, omi iyọ̀ nínú wọn, oòrùn ń fà á gbẹ. Òkun náà ńkọ́? Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́. Kò sí òkè kankan tó dí i lójú.

Ó já bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Má jẹ́ ká padà. Gbé mi sá. Nísinsìnyí, nígbà tí wọ́n ṣì ń mu kọfí." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò fi ṣeré. Mi ò tíì sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí yanrìn. Ó ní ọkọ wo ló ń bẹ ìyàwó pé kó gbé òun sá, ó ní èmi yìí mo mọ àwàdà. Kí n tó dá a dúró ó ti wọlé, ó ti sọ fún wọn: "Ẹ gbọ́ o, ọkọ mi ní kí n jí òun gbé." Ilé dàrú. Rédíò fẹ́rẹ̀ẹ́ da kọfí sára. Ìyá Oníyọ̀ tó ń sunkún látàárọ̀ nu ojú, ó rẹ́rìn-ín. Màmá fi aṣọ bo ẹnu. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè láti inú ife rẹ̀, ó wò mí, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. Ó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Mo rí i pé ó mọ̀, òun náà sì rí i pé mo rí i.

Ó mu kọfí rẹ̀ tán. Ó ní ká máa dìde, ilẹ̀ ń ṣú, ọ̀nà òkè kò dáa lálẹ́.