Wàláà Bàbá Nínú Kọ̀m̀pútà

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Wòlímọ̀ Halimah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilé kéwú fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá wà lára bánà ńlá tí àwọn ọmọ máa jókòó síwájú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nínú ṣọ́ọ̀bù! Bàbá ló máa ń ya wàláà fún gbogbo ọmọ tó bá parí Kùránì ládùúgbò wa. Àìsàn ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọn ò lè kọ nǹkan kan mọ́. Èyí tí wọ́n yà kẹ́yìn, wọ́n ti fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ gbogbo wọn, ọmọ tó ni ín sì ti mu hàntú, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, mo sì fi ìlà tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí Arúgbó — kọ̀m̀pútà mi. Fáìlì onílà nìyẹn: bó ti wù kó o fẹ̀ ẹ́ tó, kì í fọ́.

Ìṣẹ́gun, 7
Kò síná.

Ọjọ́bọ̀, 9
Iná dé. Mo kánjú. Mo ṣí fáìlì Bàbá nínú Fótóṣọ́ọ̀pù, tó máa ń sọ onílà di fọ́tò lásán, kí n lè to fọ́tò àwọn ọmọ sí i. Ó bi mí bí mo ṣe fẹ́ kó tóbi tó — mi ò kà á, mo tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ó wọlé bíi káàdì ìpè. Mo fà á títí ó fi kún bánà. Etí àwọn lẹ́tà ti rí págunpàgun. Múyìíwá, tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá, wò ó lẹ́ẹ̀kan: “Kareemah, èyí ò ṣe é tẹ̀ o. Lọ mú onílà wá.”
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó wà nílé.

Jímọ́ọ̀, 10
Kò sí nílé. Lánàá, nígbà tí mo ń pa iṣẹ́ mọ́, Arúgbó bi mí bóyá kí òun fi èyí tí mo fà fẹ̀ yẹn rọ́pò fáìlì onílà Bàbá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Fọ́tò ńkọ́? Ó bá fóònù tí wọ́n jí lọ́jà Olúpọ̀nnà lọ.
Òmùgọ̀ ni mí. Òmùgọ̀!

Àbámẹ́ta, 11
Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu.

Ajé, 13
Múyìíwá ní kí n wá wàláà mìíràn lórí ẹ̀rọ ayélujára, ta ló máa mọ̀? Bàbá ni. Èmi náà sì ni.

Ọjọ́rú, 15
Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo sọ ọ́. Ẹkún ò jẹ́ kí n parí rẹ̀.
Wọ́n ní, “Ṣé o fọ̀ ọ́ dànù ni?”
Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mu ún.
Wọ́n ní kí bánà máa lọ láìsí i. Wọ́n wá ní kí n gbé wàláà wá, àti kálámù, àti tàdáwà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbìyànjú ni. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi kálámù sí.
“Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n kọ. Mo kàn ń tẹ̀ lé ìlà yín ni.”
“Mo mọ̀. Kọ ọ́.”
Álífù àkọ́kọ́ wọ́. Ìka òsì mi ń wá bọ́tìnnì tí mo fi ń pa àṣìṣe rẹ́ lórí Arúgbó, létí pákó. Bàbá rí i. Wọn ò rẹ́rìn-ín.
“Fọ̀ ọ́, kó o tún un kọ.”
Mo fọ̀ ọ́ sínú abọ́, mo dìde pé kí n lọ dà á nù síta. Wọ́n fi ọwọ́ òsì dì mí mú.
“Mu ún.”
Mo mu ún. Mo tún gbé wàláà.