Ìgbà Tí Oróbó Ń Rù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Mo ti ba aṣọ jẹ́. Kí n tètè kọ ọ́ síbí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún ara mi.

Aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo fẹ́ gbé lọ síbi ìpàtẹ àwa aránṣọ ni. Mo gé e láàárọ̀ yìí. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń di sísọ́ọ̀sì mú, mo gbàgbé láti fi àyè rírán sílẹ̀ níbi ìbàdí! Íńṣì méjì gbáko ló fi kéré. Irú rẹ̀ ti tán lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wo ọwọ́ ara mi bí ọwọ́ àjèjì.

Oróbó ló máa wọ̀ ọ́ rìn lórí pèpéle. Ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Láti kékeré la ti ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìbàdí rẹ̀, méjìlélọ́gbọ̀n. Aṣọ ti di ọgbọ̀n. Aṣọ ò ṣeé fẹ̀ – ọmọ ṣeé dín kù.

Mo sọ fún un pé ó ti sanra jù, kó dín oúnjẹ kù títí di ọjọ́ ìpàtẹ. Mi ò sọ pé èmi ni mo gé aṣọ kù. Ó ní, "Ó dáa, Màámi." Kò tilẹ̀ bá mi jiyàn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan àti ẹyin kan láàárọ̀. Èso lọ́sàn-án. Ó ń gbìyànjú.

Bí mo ṣe ń fi píìnì di aṣọ mọ́ ọn lára, ó ń ka ìwé ìdánwò rẹ̀ sókè. Wọ́n ń kọ́ wọn bí oúnjẹ ṣe ń di agbára. Ó ní ara wa jẹ́ kìkì sẹ́ẹ̀lì, ojú lásán ò lè rí wọn, iná kan sì ń jó jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò lọ́wọ́ iná, kò rú èéfín. Ṣúgà inú oúnjẹ ni igi ìdáná. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ló ń jẹ́ kó jó. Mo ní ṣé èmi náà ń jó báyìí? Ó ní, "Gan-an ni, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń bínú." A rẹ́rìn-ín títí píìnì fi gún mi níka.

Mo fẹ́ràn ọmọ yìí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ síni létí. Ìyá tèmi náà ò sọ ọ́ fún mi rí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ọjọ́ mẹ́fà péré.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Omi. Kúlà tó máa ń tó wa mu fún ọjọ́ méjì ní ṣọ́ọ̀bù, kò tíì di ọ̀sán tó ti gbẹ. Bó ṣe ń mu ún ló ń lọ tọ̀ ọ́. Mo rò pé omi ló fi ń tan ebi jẹ, mo sì yìn ín pé ó gbọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo ká a mọ́ ilé ìdáná. Ààbọ̀ búrẹ́dì ti wọlé, ó dúró síbẹ̀, ẹnu kún. Mo pariwo. Mo pè é ní ọ̀kánjúwà. Ó bú sẹ́kún: "Ebi ń pa mí, Màámi. Mo jẹun tán, ebi ṣì ń pa mí." Mo ní ebi ò ní pa á kú kí ìpàtẹ tó dé.

Lẹ́yìn náà mo wọn ìbàdí rẹ̀ láti fi dẹ́rù bà á. Ọgbọ̀n! Tòun ti búrẹ́dì nínú. Mo ní ara ọ̀dọ́ mà dára o. Aṣọ ti bá a mu. Ó yẹ kí n sọ fún un pé ó tó, kó máa jẹun padà. Mi ò sọ ọ́. Mo fẹ́ kí àyè díẹ̀ kù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òun ló máa ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi, ojú tèmi ti ń lọ. Lónìí ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò rí i bọ̀. Ó ní ojú òun ń ṣe bàìbàì. Mo pòṣé, mo ní fóònù ló ń wò jù, mo já abẹ́rẹ́ gbà. Àwa méjèèjì wá jókòó bí afọ́jú méjì nídìí máṣíìnì kan.

Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Aṣọ tí mo gé kù ti tóbi jù ú! Mo dín in. Mo pè é ní Lẹ́pa. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí níwájú dígí. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Lẹ́tà dé láti ilé ìwé. Tíṣà tó ń kọ́ wọn nípa ohun alààyè ló kọ ọ́. Ó ní ọmọ mi ń sùn nínú kíláàsì, pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló tọrọ àyè lọ tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi falẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìpàtẹ ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti lẹ́tà náà bọ abẹ́ máṣíìnì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá gbé e lọ. Ọjọ́ Ajé, dandan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo tún dín aṣọ. Mi ò fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Dírẹ́bà, ọkọ mi, dé. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi gbé ẹrù kiri. Ó wọlé, ó rí ọmọ lórí àga, ó kí i bí àlejò. Ó rò pé ọ̀rẹ́ ọmọ òun ni. Ìgbà tó dáhùn ló mọ̀ ọ́n. Àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Oróbó, kí lo fi ọmọ mi ṣe?"

Mo ní bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń ṣe ni, wọ́n ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ó sún mọ́ ọn. Ó ní ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ̀n kọjá àlà. Mo ní ẹ ò rí i, ó ń jí èso jẹ! Mo ní kó lanu. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lanu bí ọmọ ọwọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí òwú.

Dírẹ́bà ní ká máa lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹ jẹ́ kí ọ̀la kọjá. Mi ò mẹ́nu ba lẹ́tà. Ó gbà fún mi. Ó máa ń gbà fún mi, mo sì mọ̀ ọ́n lò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó ṣubú. Ilé ìwòsàn la wà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó ṣì ń sùn. Wọ́n ní ó máa yè é. Ọwọ́ mi ti balẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ó rìn dáadáa lórí pèpéle. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé mo gbá a mọ́ra, mo ní, "Arẹwà ni ẹ́." Ó wò mí. Mi ò ní gbàgbé bó ṣe wò mí, bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ tó ti sọnù padà fún. Ó jókòó. Ó bì. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ orí àga ló wà. Nígbà tí mo máa pè é, kò dáhùn mọ́. Bàbá rẹ̀ ló gbé e wọ ọkọ̀. Ó ní kò wúwo. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ títí a fi dé ibẹ̀ nìyẹn.

Dókítà kan, obìnrin tí kò ga, ní àtọ̀gbẹ ni. Mo ní ti àgbàlagbà mà nìyẹn. Ó ní oríṣi tó ń mú ọmọdé wà. Ohun kan wà tí inú wa ń ṣe, ínsúlìn, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì kí ṣúgà lè wọlé. Ara ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló ba ibi tó ń ṣe é jẹ́. Ilẹ̀kùn wá tì. Ó ní, "Mà, igi ìdáná kún àgbàlá, inú ilé ò rí ọ̀kan fi dáná. Ni ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú òpó àti àjà ilé fi dáná." Ọ̀rá rẹ̀. Ẹran ara rẹ̀. Òórùn èso yẹn, ohun tó ń jáde lára irú iná bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di kíkan. Ṣúgà tí kò rí ilé wọ̀ ń bá ìtọ̀ lọ, ó ń wọ́ omi ara rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Omi. Búrẹ́dì. Abẹ́rẹ́ tí kò rí fi òwú bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé yìí, èmi ni mo fọwọ́ mi kọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Èmi gan-an ló di orí ọmọ náà mú.

Dókítà bi mí ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ṣé ilé ìwé ò kíyè sí nǹkan kan? Mo ní rárá. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ó lajú. Ó ní kí n fún òun lómi. Mo sunkún débi tí nọ́ọ̀sì fi ní kí n bọ́ síta.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo mú ìwé ìwọ̀n mi, mo mú lẹ́tà lábẹ́ máṣíìnì, mo kó méjèèjì fún dókítà. Mo ní irọ́ ni mo pa fún un. Ó ka gbogbo ìwọ̀n náà pẹ̀lú ọjọ́ wọn, ó dà wọ́n kọ. Ó ní ebi tí mo fi pa á kọ́ ló fa àìsàn náà, kí n má ru ẹrù ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fi ṣòfò, díẹ̀ ló kù kó pa á. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo mú ìwé wá. Ọpẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo fún Dírẹ́bà ní lẹ́tà náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ó ká a, ó fi í sápò, ó jáde. Nígbà tó padà dé, ó ra omi bọ̀ fún mi. Ká ní ó lù mí ni, ì bá sàn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

A ti délé. Abẹ́rẹ́ kó tó jẹun, abẹ́rẹ́ kó tó sùn, títí láé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gún un. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Mo ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi tí mo ń fi abẹ́rẹ́ jẹun!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń padà kún. Inú mi dùn, mo ké lórí oúnjẹ pé, "Oróbó mi ti ń bọ̀ wálé!" Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ lẹ́tà. Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwo rẹ̀ kúrò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Téèpù ìwọ̀n mi sọnù. Mo wá a títí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo rí téèpù. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló wà. Mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn ni.

Mo dúró. Mo rántí pé ife omi mẹ́ta ló mu kó tó jáde láàárọ̀. Mo lọ ṣí fíríìjì, mo gbé ìgò oògùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́sẹ̀ tó kọjá sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ojú tó ti ń wọn nǹkan láti ọjọ́ yìí wá kò lè ṣì í: ó yẹ kó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò tíì dé ààbọ̀.

Nígbà tó wọlé mo bi í. Mi ò pariwo. Kò parọ́ fún mi, kò jọ mí ní ti ìyẹn. Ó ní ìdajì lòun ń gún láti ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní abẹ́rẹ́ yẹn ń mú òun sanra. Ó wá ní, "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bí mi, Màámi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ pè mí ní arẹwà. Ọjọ́ tí mò ń kú lọ ni."

Mo kúnlẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ, ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Pé èmi ni mo gé aṣọ kù, pé ìbàdí rẹ̀ ò ṣẹ̀ mí rí, pé ojú tì mí ni mo fi gbé ẹ̀bi aṣọ lé e lára. Mo ní arẹwà ni látìgbà tí wọ́n ti gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó gbọ́. Ó ń mi orí jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ẹlòmíràn.

Dírẹ́bà ti lọ gbé ọkọ̀ síta. Ilé ìwòsàn là ń lọ, nísinsìnyí, kì í ṣe lọ́la. Mo ní kó gún abẹ́rẹ́ tó yẹ kó gún kó tó jẹun lójú mi, kó pé. Ó fà á, ó fi hàn mí, ó gún un. Ó ti ìdérí ìgò mọ́ ọn. Ó na aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá bi mí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí oníbàárà ṣe ń bi aránṣọ:

"Èyí tí mo gún yìí, Màámi, íńṣì mélòó ló máa fi kún ìbàdí mi?"

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìbéèrè yẹn.