Omi Kò Dúró Lórí Ewé Kókò

Màámi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí mi ò rí pè mọ́,

Inú mi ò dùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Oyún náà tún ti bàjẹ́ mọ́ mi lára, ní Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí ọkọ mi ti wọ bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ wọn lọ sí Ìlúpéjú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé.  Nígbà tó dé, ó fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó sá a.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí aṣọ náà ti dúdú. Ẹ mọ èéfín Agége wa yìí. Ewé kókò yín nìkan ni èéfín ò rí mú lẹ́yìn ilé. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ̀kán omi á máa yí gbirigbiri lórí ẹ̀, á gbá èérí lọ, ewé fúnra ẹ̀ ò sì ní tutù.

Ẹ rántí? Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹ máa ń da omi tó bá ṣẹ́kù nínú búta sórí ẹ̀, ẹ ó fà mí mọ́ra kí n wò ó. Ẹ máa ń ṣàdúrà pé bí omi ò ṣe ráyè dúró lára ewé kókò, bẹ́ẹ̀ ni ibi ò ní ráyè dúró lára mi. Mo máa ń ṣe àmín kíkankíkan, àmọ́ bisikíìtì fífọ́ tí ẹ mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni ọkàn mi wà.

Màámi, àdúrà yín gbà jù. Ibi ò dúró lára mi lóòótọ́, ire náà ò dúró. Ṣé ewé mọ omi tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa ni? Bí òjò bá dá, ẹ̀kán omi kan máa ń kù sí ikùn ewé náà, á máa dán. Èèyàn á rò pé ó ti jókòó. Atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, ó ti dà nù.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo mú kànìnkànìn àti ọṣẹ, mo ha ojú ewé kan títí nǹkan funfun bíi lẹ́búlẹ́bú tó wà lára ẹ̀ fi ṣí kúrò. Mo bu omi lé e. Omi tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dúró! Mo jókòó sórí àpótí yín, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Lónìí, ewé yẹn ti pupa, ó ti ń jẹrà. Àwọn tó kù dúró ṣánṣán, wọn ò mú ẹ̀kán omi kan dání.

Dókítà ò rí ohun tó ń ṣe mí. Ta ló kù tí mo lè bi? Mi ò lágbára àtigbàdúrà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí àdúrà bá ṣì ń jáde níbi tí ẹ wà, ẹ bá mi gba ti ewé kókò yẹn padà. Ẹ wá ewé mìíràn fún mi, Màámi, èyí tí omi ń dúró sí lára.

Èmi ni,
ọmọ yín kan ṣoṣo, tó ṣì ń da omi búta sórí ewé yín.