Ìbọn Tí À Ń Fà àti Ìbọn Tí Ń Ki Ara Rẹ̀

Cutler Slough, Arkansas,
Ọjọ́ Ajé, ó ku ọjọ́ márùn-ún kí àkókò ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ṣí.

Rhonda ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí òtútù Chicago tó ń bá ọ gbé. Ọlọ́run tó fi ìyẹ́ bo pẹ́pẹ́yẹ nínú omi dídì yóò bo ìwọ náà, o kò ní fẹsẹ̀ kọ, ojú rere ni ọ̀gá rẹ yóò máa fi wò ọ́. Ara mi le, àfi èjìká òsì tí dókítà là nígbà ooru. Deacon ajá wa ń kí ọ, ó ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Pásítọ̀ náà ń kí ọ, ó ní òun kò rí ọ láti Ọdún Àjíǹde. Omi ti kún oko ìrẹsì, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń balẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn wọn láti ibi tí mo jókòó sí kọ̀wé yìí.

Owó ìbọn tuntun tí o fi sínú fóònù dé. Láti ọjọ́ tí o ti sọ pé ẹgbẹ̀rin dọ́là ló wà nínú rẹ̀ ni mo ti fi aṣọ wé fóònù náà, mo gbé e sẹ́yìn Bíbélì, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí, kí owó má baà dà nù. Ìdí nìyẹn tí o fi ń pè tí n kò gbé e, má bínú.

Mo ka ìwé tí o fi ránṣẹ́ lórí irú ìbọn méjèèjì. Ó ní èyí tí ń ki ara rẹ̀ yá, kì í sì í gbá ni léjìká púpọ̀, àti pé èyí tí à ń fà kò wọ́n, kò sì bẹ̀rù ẹrẹ̀. Mo ti mọ gbogbo ìyẹn kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ ọ́. Dub Hensley aládùúgbò wa ní èyí tí ń ki ara rẹ̀, o sì mọ ẹnu Dub. Ó ní, "Harlan, ìbọn rẹ yẹn ti dàgbà ju pásítọ̀ lọ, jẹ́ kó lọ sinmi." Mo ní kó rántí ọjọ́ tí yìnyín dí tirẹ̀ pa, tó jókòó sínú ibùba tó ń nù ún bí ìdí ọmọ tuntun, tí pẹ́pẹ́yẹ ń kọjá lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà tí n kò sọ fún ọ. Lóṣù tó kọjá mo gbé ìbọn mi lọ sẹ́yìn abà. Mo yìn ín, mo fi ọwọ́ òsì fa igi abẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta kejì lè wọlé, bí mo ṣe ń fà á ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọwọ́ náà dúró sí agbedeméjì, kò lọ, kò bọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí n kò bá lè fa ìbọn, n kò ní lọ sí ibùba mọ́, ibùba yẹn sì ni mo ti ń rí màmá rẹ láti ọjọ́ tó ti kú. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí lápá ọ̀tún mi pẹ̀lú kọfí àti bísíkítì gbígbóná, tí á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá yìn ín tí kò bà. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Mo pinnu pé n ó fi ìbọn àtijọ́ ṣe pààrọ̀, n ó sì fi owó rẹ kún un.

Ní Sátidé mo gbé ìbọn àti fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù Merle Lassiter tó ń ta ìbọn. Mo tú aṣọ ara fóònù, mo gbé e lé káńtà, mo ní kó ka iye rẹ̀ jáde níṣojú mi. Merle ní ká kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù ìjọba. Wọ́n bi mí níbẹ̀ pé ṣé èmi gan-an ni mò ń ra ìbọn náà. O mọ̀ pé n kì í parọ́. Mo kọ ọ́ gbàgàdà pé rárá, ọmọ mi Rhonda ló ń rà á, ó wà ní Chicago, kí Ọlọ́run bù kún un. Merle kà á, ó gbọ́wọ́ lérí. Ó ní, "Harlan, o ti bà á jẹ́. Bí mo bá ta ìbọn fún ọ lórí ohun tí o kọ yìí, èmi ni wọ́n máa wá mú." Ó ní owó tí ọmọ bá fún bàbá ti di ti bàbá, kí n padà wá ní Ọjọ́rú wá kọ òmíràn. Mo ní ìjọba ni kò bèèrè ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, ó ní kí òun tú ìbọn àtijọ́ wò, kí òun mọ iye tí òun lè gbà á. Ó pe àádọ́jọ dọ́là. Ó wá tú ìdérí ihò tí ọta ń sùn sí, ó sì fa igi tó wà nínú rẹ̀ jáde.

O mọ igi yẹn. Òfin ni pé ọta mẹ́ta péré ni kó wà nínú ìbọn pẹ́pẹ́yẹ, igi náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀kẹrin wọlé. Ọdún tí o wọ ilé ìwé, tèmi sọnù nígbà tí ọdẹ ku ọ̀la, ẹ̀ṣọ́ igbó ò sì gba ẹ̀bẹ̀. Màmá rẹ ní, "Bàbá Rhonda, ẹ lọ bọ́ ajá yín, mo máa wá nǹkan ṣe sí i." Nígbà tí mo padà dé, igi ti wà nínú ìbọn. N kò bèèrè. Láti ìgbà náà òun ló ń tú ìbọn náà nù, torí bí èmi bá tú nǹkan, títò rẹ̀ padà a di ìjà. Láti ìgbà tó ti lọ, ìta rẹ̀ nìkan ni mò ń nù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ṣíbí onígi màmá rẹ, èyí tí ìyá rẹ̀ fún un, sọnù. Ó ní Major, ajá wa ìgbà náà, ló gbé e lọ rì mọ́lẹ̀. Rhonda, mo gbẹ́ gbogbo àgbàlá, ìwọ lo bá mi di korobá mú. Mo bú ajá yẹn títí ó fi kú. Lọ́dọọdún ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ màmá rẹ a ní, "Ẹ rántí o, ajá yín jẹ mí ní ṣíbí kan."

Igi tí Merle fà jáde ti dúdú fún òróró. Lẹ́tà orúkọ ìyá màmá rẹ mẹ́ta, tí wọ́n fi ìṣó gbígbóná kọ, wà lára rẹ̀. Merle ní kí nìyẹn. Mo ní ṣíbí ni. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Mo jókòó lórí páálí ọta, mo sunkún, ojú ò tì mí. Màmá rẹ gé ṣíbí ìyá rẹ̀ kí n má baà pàdánù Sátidé kan ṣoṣo. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ fún mi, n ó yọ ọ́, ló fi di ẹ̀bi ru ajá.

Merle ní ká kúkú gé e kúrú kó lè wọ ìbọn tuntun. Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní gé ṣíbí yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, n ó ra èyí tí ń ki ara rẹ̀ ní Ọjọ́rú, torí èjìká mi. Àtijọ́ ò ṣe é tà mọ́. Ó wà lórí ìṣó nílé ìdáná, ṣíbí ti padà sínú rẹ̀, tìrẹ ni. Èjìká ìwọ ṣì le. Wá ní Sátidé kí o wá fà á, jókòó lápá ọ̀tún mi.

Àádọ́jọ dọ́là tí Merle kò san mọ́, ó ní òun yóò dúró dè é, jọ̀ọ́ mú un dání wá nínú àpò ìwé, má fi sínú fóònù, ẹrù tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀. Mo ti lọ sídìí igi pecan níbi tí a sin Major sí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ègé bísíkítì kan síbẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọmọ tìrẹ náà yóò rántí rẹ bí o ṣe ń rántí mi. Bí o bá ń bọ̀, ra ṣíbí onígi kan dání, ká gbé e lọ sí ibojì màmá rẹ. Kì í ṣe ajá ló jẹ ẹ́ ní ṣíbí, èmi ni.

Èmi bàbá rẹ,
Harlan Pruitt