Wáìnì Tó Gbẹ

                                        Ilé Kẹsàn-án, Àjà Kejì,
                                        Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Olùkọ́ Ìṣirò, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó ń bá àtẹ̀gùn ṣọ̀tá, ṣé ẹ ti parí ìjà? Ara tèmi le, àfi eyín kan tó fẹ̀yìn tì láìgba àṣẹ.

O rántí pé láti ìgbà tí ibà ti dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kò ti mọ adùn mọ́, kò mọ ìkorò. Dókítà ní yóò padà, kò kàn sọ ìgbà ni. Mo se ọbẹ̀, ó ní, “Ó dáa.” Mo gbàgbé iyọ̀, “Ó dáa” náà ni. Obìnrin tí kì í gbóríyìn fún oúnjẹ mi rí! Ìyìn yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí ogójì ọdún ìgbéyàwó wa pé, mo ní wáìnì tó ń hó la ó fi ṣe é, bóyá híhó rẹ̀ á ta ahọ́n ìyàwó mi jí. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ló bá mi lọ rà á, ẹni tí à ń pè ní Mo-Ti-Dé-Bẹ̀, torí kò sí ìlú tí o máa dárúkọ tí kò ní sọ pé òun ti dé rí. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ìgò kan sókè sí iná bí ẹni ń yẹ ẹyin wò.

“Bọ̀ọ̀dá, wáìnì gidi gbọ́dọ̀ gbẹ.”

Mo wo ìgò náà. “Àbúrò, kò gbẹ o. Ó kún dé ọrùn.”

Ẹ̀rín pa obìnrin tó ń tajà. Mo-Ti-Dé-Bẹ̀ kò rẹ́rìn-ín o. Ó ṣàlàyé pé kí ó gbẹ ni pé kí ó má ní ṣúgà, pé ahọ́n tó lajú nìkan ló lè gbádùn rẹ̀. Mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè, n kò gbọ́ ọ rí pé ahọ́n ní ojú tó ń là. Mo ra èyí tó dùn, ó ra èyí tó gbẹ, oníkálùkù sì gbá ìgò tirẹ̀ mọ́ àyà títí a fi délé.

Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí tèmi. Ìdérí fò, ó lọ gbá àjà. Mo rọ ọ́ fún ìyàwó mi, gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀.

“Ó dáa,” ló wí.

Ìrètí mi já sófo. Mo-Ti-Dé-Bẹ̀ wúkọ́, ó ṣe ọ̀rọ̀ ìṣáájú gígùn, ó wá rọ tirẹ̀. Ìyàwó mi fẹnu kàn án, ojú rẹ̀ sì hunjọ bíi bébà tí wọ́n rún.

“Kí lẹ fún mi mu yìí? Ó kan!”

Mo ní, “Kí lo wí?”

“Tíṣà, mo ní ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́! Àbí etí tiyín ló wá kù tó máa lọ?”

Àbúrò ìyàwó mi pariwo. Mo gbàgbé ọjọ́ orí mi, mo jó yí tábìlì po. Ìyàwó mi nu ojú rẹ̀, ó tún tọ́ tèmi wò. “Èyí dùn jù. Ṣé ọmọdé lẹ rà á fún ni?”

Mo ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Mo-Ti-Dé-Bẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn ná mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rìn bíi dókítà.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní kò níyọ̀, kò lórí, kò nídìí. Inú mi dùn débi pé mo ní kó tún un sọ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Sọ fún orúnkún yẹn pé mo ń bọ̀ wá bá a wí.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò mọ ọbẹ̀ sè,
                                        Olùkọ́ Èdè.