Iná Tí Omi Kì Í Pa

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì, 2025

Àwọn panápaná wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa lónìí. Aaron ni ọ̀gá wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n Alágolo ni mo sọ ọ́, nítorí agolo pupa tí wọ́n fi ń pa iná, tó há sí abíyá. Mo ti ń tòògbé kó tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni kò mọ iná? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, tí gbogbo igbó ọ̀nà Òrò ti jó tán!

Ló bá gbé páálí kan kọ́ sára bọ́ọ̀dù. Àwòrán ni, pẹ̀lú lẹ́tà. Igi tó ń jó: A. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù: B. Gáàsì: C. Irin: D — irin ń jóná? Ó ní ó ń jó. Ti ẹ̀lẹ́tíríìkì kò ní lẹ́tà, mànàmáná ni wọ́n yà sí i. Ìkòkò tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀: F. Òróró ìdáná nìyẹn.

Ó ní àwòrán yìí náà wà lára agolo, òun ni ká wò ká tó fọwọ́ kàn án. Ti A nìkan lomi ń pa. Bí a bá bu omi sí òróró tó ń jó — yéè! Omi á rì sísàlẹ̀, á di oru lójijì, á gbé òróró àti iná fò sókè. Ká pa gáàsì, ká fi ìdérí bò ó, ká má sì tètè ṣí i.

Iléyá èṣí ni mo rántí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Oorun kò kùn mí.

Ọjọ́rú, 5

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọjọ́ Iléyá, Màámi àti Hafeezat, ìyàwó Bùkárì ẹ̀gbọ́n mi, ń dín ẹran àgbò. Èmi àti àwọn ará ilé yòókù wà lẹ́yìnkùlé, à ń pín ẹran tó kù. Ariwo pọ̀. Òróró gbaná. Màámi bu omi, ó dà á sí i, iná fò dé àjà, ó sì jó o láti ọwọ́ dé ọrùn. Nígbà tí a wọlé, ìyàwó wa dúró, ìdérí ìkòkò lọ́wọ́.

Gbogbo agboolé bú u. "Iná ń jó ìyá ọkọ ẹ, ìdérí lo gbá mú! Ọ̀dájú!" Èmi náà wò ó níwòkuwò. Màámi búra pé òun ò ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Ni Hafeezat bá kó ẹrù lọ sílé bàbá ẹ̀ ní Rore. Bùkárì, alágbára ẹnu lẹ́yìn Màámi, jókòó sí Ìlọrin, kò gbèjà ìyàwó ẹ̀. Ní báyìí Màámi ti rí ọmọbìnrin kan fún un ní Òrò. Wọ́n fẹ́ so yìgì kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Ìdérí ló mú! Òun nìkan ló mọ ohun tó yẹ ká ṣe. Òun náà nìkan ló ń pè mí ní Ẹyinjú-Ẹgẹ́, torí ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ó ń ṣe mí bí ẹkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo lọ sí Rore lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Hafeezat kúnlẹ̀ kí mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ti gbẹ. Mo bi í léèrè ìdérí. Ó ní dùndú ni ìyá òun ń dín tà, ibẹ̀ lòun ti kọ́ ọ. Ó ní òun pariwo pé kí Màámi má bu omi sí i. Kí ló dé tí kò sọ fún wa? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹyinjú-Ẹgẹ́, ṣé kí n wá máa ro ẹjọ́ mọ́ ìyá ọkọ mi tó wà lórí àìsàn? Bóyá wọn ò gbọ́ ni."

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi níwájú Màámi. Mo gbé e mì. Ojo ni mí.

Ọjọ́bọ̀, 13

Wọ́n ní ọjọ́ yìgì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìrun Alásàrì, bí mo ṣe ń fi òrí pa àpá ọwọ́ Màámi, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán Alágolo sílẹ̀: igi, kẹ́ẹ̀gì, ìkòkò. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Mo ní ìyàwó wa pariwo, ẹ̀yin lẹ ò gbọ́.

Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Kò bú mi. Ó wo ìkòkò tí mo yà.

"Mo gbọ́," ló wí.

Mo ní kí lẹ gbọ́?

"'Ẹ má bu omi sí i, Màámi.' Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo ní ọmọ àná yìí ni yóò máa pàṣẹ fún mi ní ilé ìdáná mi? Ni mo bá dà á." Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń retí kí Hafeezat fẹjọ́ òun sùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an lòun ò lè fara dà, kí ó máa wo òun kó sì máa dákẹ́.

Inú bí mi gidigidi. Síbẹ̀ mò ń fi òrí pa á lọ.

Ó ní kí n pe Bùkárì, kó wá gbé òun lọ sí Rore lọ́la. Mo béèrè ohun tó fẹ́ lọ sọ níbẹ̀.

"Ohun tí mo sọ fún ọ yìí náà ni. Níwájú bàbá ẹ̀."