Ọ̀nà Tí Ẹja Ibeshe Ń Gbà

Glasgow, 2006

Fàlílátù ọmọ mi,

Mo jí iṣẹ́ rẹ lọ́dún 1988, mo fi orúkọ èmi nìkan tẹ ìwádìí wa jáde nínú jọ́nà, ìwé àwọn onímọ̀. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ mi lo bá àwọn ẹlẹ́ja Ibeshe wọ ọkọ̀ ojú omi, tí o rí i pé ọjà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń ná, bí Ìkòròdú tilẹ̀ sún mọ́ wọn, nítorí àwọn oníbàárà ìyá wọn. O bi mí pé, “Ọ̀gá, orúkọ tèmi ńkọ́?” Mo ní ọmọdé ni ọ́.

Inú mi dùn lónìí! Jọ́nà náà yóò tún ìwádìí wa tẹ̀, orúkọ rẹ ni yóò ṣáájú. Mo jó títí nọ́ọ̀sì fi dá mi padà sórí ibùsùn. Ara mi le.

Kí ìyá rẹ. Máàpù ọ̀nà ẹja tí o fọwọ́ yà lọ́dún náà nìyí, mo fi í sínú lẹ́tà. Tìrẹ ni.

Adéòjó